Igbá Ẹ̀pà àti Ọwọ́ Bọ̀dá Báàsì

Ilé wa nìkan ni ilé tí mo mọ̀ ní àdúgbò Kábáwá tí wọ́n ti máa ń kọrin bínú. Kì í ṣe orin òwe o, kì í sì í ṣe orin èébú tí àwọn orogún ń kọ síra wọn. Orin ohùn mẹ́ta ni, dò, rè, mí, tí bàbá mi là kalẹ̀ fún wa bí ẹni ń la ọ̀nà oko. Ó ní ẹnikẹ́ni tí inú bá ń bí nínú ilé òun kò gbọdọ̀ pariwo, kò sì gbọdọ̀ gbọ́wọ́ sí ẹnìkejì. Kó kọ ọ́ lórin títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjá lẹ́yìn ògiri wa láàárọ̀ ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi tó ń lọ tàkà-tàkà, ẹ ó gbọ́ ìyá mi fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà tó ń kọ ọ́ pé, "Ta ló jẹ ẹran, ta ló jẹ ẹran, ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò," nígbà bí ogún, ẹ ó sì gbọ́ èmi náà tí mò ń gbè é pé, "Kì í ṣe èmi, kì í ṣe èmi," pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ẹnikẹ́ni kò nà mí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n sọ Lọ́kọ́ja di olú ìlú ìpínlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ìlú bí eṣú. Yàgbà ń bọ̀, Owé ń bọ̀, Ìjùmú ń bọ̀, gbogbo wọn pẹ̀lú fáìlì lábíyá àti ìkòkò lórí. Yàrá di ọ̀wọ́n, omi wá wọ́n ju yàrá lọ. Ẹ má bi mí bí omi ṣe lè wọ́n nínú ìlú tí odò ńlá méjì fi ṣe ibi ìpàdé. Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà, n kò tíì rí ẹni dá mi lóhùn. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan lọ́sàn-án, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, ti wá láti Ìyàrà, ìlú wa ní Ìjùmú, kí ó wá gbé lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ọ̀sán ni Ìyá Àgbà máa ń yan ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná lẹ́yìnkùlé, ṣaà-ṣaà, ṣaà-ṣaà, tí òórùn rẹ̀ á máa bá òórùn ẹja tí Ìyá Fátímá, obìnrin Núpé tó múlé gbè wá, ń yan jà lórí ògiri. "Òkun o" ni Ìyá Àgbà fi ń kí gbogbo ènìyàn, ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, títí kan ọlọ́kadà Hausa tí kò mọ ohun tó ń wí. Ọlọ́kadà náà á ní, "Yàwwá, Hàjíyà." Àwọn méjèèjì á sì lọ ní àlàáfíà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin ibẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ní kànga nínú ilé: garawa ni ènìyàn. Bí o bá ti gbé garawa rẹ sórí ìlà láàárọ̀, o wà níbẹ̀. O lè padà lọ mu ẹ̀kọ, o lè lọ gbéyàwó pàápàá, garawa rẹ ló ń tò. Bàbá mi ti gbé tiwa síbẹ̀, ó ti padà wálé wá mu ẹ̀kọ. Nígbà tí èmi àti òun jọ padà débẹ̀, a bá garawa wa lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì bá garawa mìíràn lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ọwọ́ ńlá kan dì í mú. Ọwọ́ Bọ̀dá Báàsì ni. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ akọrin bàbá mi, òun nìkan ló lè kọ ohùn báàsì débi tí ìjókòó onígi fi ń gbọ̀n lábẹ́ àwọn àgbà ìjọ. Ọmọ Yàgbà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun náà, ó ga, ó sì mọ̀ pé òun ga.

"Ẹ jọ̀ọ́, garawa mi ló wà níwájú," ni bàbá mi wí.

"Garawa yín ò kí mi nígbà tí mo dé."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́, ní, "Bóyá ó kí yín. Etí yín ló wà nísàlẹ̀ jù, níbi tí ohùn yín wà."

Ẹ̀rín kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bọ̀dá Báàsì ni wọ́n sì ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìgbátí tó tẹ̀lé e, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Bàbá mi ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò, ó sì fi ojú náà sílẹ̀ fún un níbi tó wà. Kò sá, kò gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ Bọ̀dá Báàsì tún lọ sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó so rọ̀ níbẹ̀ bí aṣọ orí okùn, ó wá bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ń fi Hausa bẹ bàbá mi pé kó san án padà, obìnrin kan ní kó kúkú fi garawa la á lórí. Bàbá mi gbé garawa rẹ̀ lófìfo, ó fà mí lọ́wọ́, a sì lọ sílé láìrí omi.

Àṣé ìgbátí ti sáré ṣáájú wa dé ilé. Ìyá Àgbà ti gbọ́. Kò dìde lórí àpótí ìdáná rẹ̀.

"Wọ́n gbá ọ létí, o bọ́ jígí," ló wí. "Ṣé kí ọ̀nà lè mọ́ fún ọwọ́ ni?"

"Màmá, Jésù ní ká yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì."

"Ìgbà tó ń sọ ọ́, ṣé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀?"

Títí di òní n kò tíì gbọ́ àlùfáà tó ní èsì. Ìyá Àgbà wá la ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kalẹ̀, tòun ti ṣíbí tó fi ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó ní sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè máa gbé nínú ìlú tí wọ́n ti ń fi ojú ọmọ òun nu ọwọ́. Ó ní òun fún ọkùnrin yẹn di ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá bẹ ọmọ òun lójú èrò, bó ṣe gbá a létí lójú èrò, òun ń lọ sí Ìyàrà lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e, òun kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń ṣeré. Ní ọjọ́ kejì ó ti di abọ́ tánganran rẹ̀ méjèèjì sínú ìró àtijọ́, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lórí ẹní kan náà ni èmi àti òun ń sùn. Òun ló ń bu ẹ̀pà fún mi, òun ló ń gba pàṣán lọ́wọ́ ìyá mi kí òfin orin tó dé, òun ló ń purọ́ fún mi nígbà tí irọ́ tèmi bá tán. Láràárọ̀ ni mo ń jí wo ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, bí ẹni ń wo egbò tí kò fẹ́ jinná.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ eré olórin rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé iléeṣẹ́ ló ń kọ ọ́ sí, dò-rè-mí ní ìlà ní ìlà, tó ń kùn bí oyin lórí oúnjẹ. Ó ní eré tí wọn yóò ṣe ní ìkórè ni, ó ní ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ lù tí kò lù padà ni. Ìyá mi gba ìwé náà wò. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀: Ó gbọ́wọ́ sókè, mo dúró.

"Bàbá Tóyìn, ìyókù ńkọ́?"

"Kò sí ìyókù. A ó máa tún un kọ ni, títí yóò fi wọlé. Bí ẹ̀kán omi ṣe ń ṣe òkúta."

"Òkúta lẹ fẹ́ pè wá sí ìkórè ni?"

Apá mẹ́ta ni eré náà. Apá àkọ́kọ́, ogún ìgbà; apá kejì, ogójì; apá kẹta, ọgọ́ta. Bí orin bá ti ń lọ, ọkùnrin kan yóò máa gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ sí ọkùnrin kejì. Ní apá kẹta, ọwọ́ náà yóò wà lókè pátápátá fún ọgọ́ta ìgbà, lẹ́yìn náà yóò wálẹ̀ láìlu ẹnikẹ́ni. Ó parí. Kò sí ijó, kò sí aṣọ aláràbarà, kò sí áńgẹ́lì kankan. Bàbá Àlùfáà tẹ́tí sí ìdánrawò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Níbo ni Jésù wà nínú eléyìí?" Bàbá mi ní, "Òun ló dúró." Bàbá Àlùfáà ronú sí i, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ nítorí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni kíkà iye ìgbà. Bí ènìyàn bá ń kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún kan náà fún ogójì ìgbà, níbi kejìlélógún ni ọpọlọ rẹ̀ ti máa ń jáde lọ ra nǹkan. Àwọn obìnrin á wà ní ìkejìdínlógún, àwọn ọkùnrin á ti dé ìkẹrìnlélógún, olóhùn tẹ́nọ̀ kan á sì ti sùn. Bàbá mi wá fi mí jẹ oyè: èmi ni n ó máa kà. Ó fún mi ní igbá méjì, kí n máa mú òkúta wẹ́wẹ́ kan láti inú igbá ọ̀tún sínú igbá òsì nígbà kọ̀ọ̀kan tí orin bá yí po. Òkúta ń ró kó, kó, ó ń dẹ́rù ba àwọn obìnrin. A pààrọ̀ rẹ̀ sí àgbàdo. Adìyẹ Ìyá Fátímá wọlé ní ìdánrawò kan, ó jẹ ìgbà mẹ́tàlá nínú apá kejì, wọ́n sì parí kí ọwọ́ tó gòkè. Ẹ̀pà yíyan Ìyá Àgbà ló wá bá a mu. Kì í ró, pàápàá bí ìyá mi ṣe fi àjákù aṣọ tẹ́ inú igbá, adìyẹ kò sì rí i gbà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà ló ń ka ẹ̀pà náà sínú igbá ní gbogbo ìgbà, nítorí kò fọkàn tán mi, ó sì tọ̀nà. Bí igbá bá ṣófo, n ó gbé e sókè, n ó da ojú rẹ̀ dé, orin yóò dúró. Bàbá mi sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni kò lè dá orin dúró, òun kò lè dá a dúró, Bàbá Àlùfáà kò lè dá a dúró, àfi igbá. Ẹ rò ó wò: ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí gbogbo àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo wú bí búrẹ́dì.

Ta ni yóò wá gbé ọwọ́ sókè? Èmi ni mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sílé Bọ̀dá Báàsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Láti ọjọ́ ìgbátí, ó ń wá sí ìdánrawò, ó ń kọrin rẹ̀, ó ń lọ, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ àti ti bàbá mi pàdé. Ó gba ìwé náà, ó kà á títí.

"Kí ni n ó máa kọ ní apá kẹta?"

"Ẹ ò ní kọ nǹkan kan. Ẹ ó kàn gbé ọwọ́ sókè ni."

"Sí ta ni?"

"Sí èmi."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ló jókòó sórí itan rẹ̀. Bó bá kọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yóò mọ ìdí rẹ̀. Bó bá gbà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yóò rí i. Ó mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ wo?"

"Èyí tí ẹ mọ̀ ọ́n lò," ni bàbá mi wí. Mo ti sọ fún yín pé kò mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́.

Ó gbà. Ó gbé ọwọ́ sókè ní gbogbo ìdánrawò, ojú rẹ̀ lórí ògiri, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹrù Ìyá Àgbà ń tóbi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti fi bàtà rẹ̀ kún un.

Ọ̀sán ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ojú fèrèsé. Ìyá Fátímá pàápàá wá, ó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìborí rẹ̀. Ó ti gbọ́ orin náà láti orí ògiri débi pé òun ló fi ń yí ẹja, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní ìparí. Ìyá Àgbà jókòó sí ìlà iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí mo jókòó lé, igbá ẹ̀pà sì wà lórí itan rẹ̀, tó ń bu ti apá kọ̀ọ̀kan fún mi. Apá àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Apá kejì lọ. Ènìyàn méjì péré ló jáde. Ó bu ti apá kẹta. Orin bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ńlá náà dé òkè, mo ti ọwọ́ bọ igbá, mo sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ẹ̀pà ọgọ́ta fún oṣù mẹ́ta, ọwọ́ yín á mọ bó ṣe jìn. Eléyìí jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yíjú wo Ìyá Àgbà. Ó ń wo páànù àjà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá kà á.

Mò ń mú ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan, mò ń gbé e sí òsì. Ìgbà tí ara mi sọ fún mi pé ọgọ́ta ti pé, igbá ọ̀tún kò tíì fi ìdí hàn. Òógùn ń kán láti abíyá Bọ̀dá Báàsì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo akọrin ń wò mí, bàbá mi ń wò mí, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ, torí òfin ni òfin: Ó gbọ́wọ́ sókè, mo dúró. Mo lè da igbá dé nígbà náà kí gbogbo rẹ̀ parí. N kò ní purọ́ fún yín ní ọjọ́ orí mi yìí, n kò fẹ́ dà á dé. Mo ń gbọ́ ìró ìgbátí yẹn nínú etí mi, mo sì fẹ́ kí apá náà dùn ún. Inú eré tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lu ẹnikẹ́ni, ẹ̀pà ni èmi àti Ìyá Àgbà fi ń na ọkùnrin náà, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, lójú Ọlọ́run àti lójú ìjọ. Ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé nípa ìwà pẹ̀lẹ́ láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bó bá bọ́ kí igbá tó ṣófo, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, oṣù mẹ́ta ti ṣòfò. Bàbá mi, tó jẹ́ pé dídúró nìkan ni iṣẹ́ tó ní nínú gbogbo eré náà, kúrò níbi tó dúró sí. Ó rìn lọ bá a. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ìgbọ̀nwọ́ apá tó gbá a létí, ó gbé e padà sókè, ó sì dì í mú níbẹ̀, ó ń bá orin lọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo gbọ́ tí Bàbá Àlùfáà wí lẹ́yìn mi pé, "Áárónì àti Húrì," àwọn tó di ọwọ́ wòlíì mú sókè nígbà ogun, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí Bíbélì wà nínú rẹ̀. Bọ̀dá Báàsì tẹ orí ba. Mo wá rí i pé bàbá mi náà ti ń làágùn, pé apá ńlá yẹn wúwo, àti pé àwọn méjèèjì ni mò ń nà báyìí. Mo wo igbá: ẹ̀pà ṣì kún ọwọ́. Mo bu gbogbo rẹ̀, mo dà á sẹ́nu, mo da igbá dé.

Orin dúró. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ró nínú ilé Olúwa, èmi ni, mò ń jẹ ẹ̀pà.

Ọwọ́ Bọ̀dá Báàsì wálẹ̀, ó balẹ̀ sórí èjìká bàbá mi, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, àmọ́ Ọlọ́run kò dá ohùn náà fún wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo ìjókòó onígi ló gbọ̀n. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ti ọjọ́ omi yẹn. Ẹ forí jì mí." Àwọn ará ìjọ rò pé ó wà nínú eré. Wọ́n ní, "Àmín."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀ sẹ́yìn òkè Pàtí, Bọ̀dá Báàsì wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àgbà lórí yanrìn tó fi ń yan ẹ̀pà, pẹ̀lú apá tí kò lè tẹ̀ dáadáa. Ìyá Àgbà ní, "Òkun o," ó ní kó dìde jókòó. Ó bu ẹ̀pà láti inú agbada, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó dà á sínú ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀dá Báàsì, ọwọ́ ìgbátí kan náà.

"Iye tí mo fi kún tìẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn," ló wí. "Kà á sókè, kí o lè mọ ohun tí mo ṣe sí ọ."

Bọ̀dá Báàsì wo ẹ̀pà, ó wo obìnrin arúgbó náà. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níbi tí ohùn rẹ̀ ń gbé, ó ń gòkè bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi dúró kó lè gbọ́. Ìyá Fátímá yọ orí lórí ògiri. Ó ti kọjá ọgbọ̀n nígbà tí Ìyá Àgbà gbé ṣíbí rẹ̀ sókè.

"O fo ọ̀kan. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè." Ó wá yíjú sí mi, láìyí ohùn padà. "Tóyìn, lọ tú ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, kí o gbé abọ́ kan wá fún àlejò."